Ta ló dá CAC sílẹ̀ gan-an: Ṣàdáre ni àbí Babalọlá?

Délé_Onítàn:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní kíláàsì Bíbélì wa lọ́jọ́ Àìkú, mo ní kí n gbé e wá síbí kí àwọn tó mọ̀ ọ́n là á yé wa. Olùkọ́ wa, ọ̀dọ́kùnrin kan tí iná Ẹ̀mí ń jó lára rẹ̀, ní Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ló dá Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dún 1928. Màmá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn ò tilẹ̀ dìde. Wọ́n kàn bi í pé, "Ọmọ mi, ta wá ló ri Babalọlá bọmi?" Kíláàsì pa lọ́lọ́.

Ohun témi mọ̀ ni pé ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1928 ni ìpè dé bá Babalọlá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àdúrà Ìjẹ̀bú-Òde ti wà láti 1918, ọdún 2018 sì ni ìjọ ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún. Bó bá jẹ́ 1928 ni a bẹ̀rẹ̀, kí la wá ń jó fún nígbà yẹn? Ẹ bá mi dá sí i.

Arákejì_Tòótọ́:
Ẹ̀gbọ́n Délé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé pa iná. A ò jiyàn pé wọ́n ń gbàdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹgbẹ́ àdúrà pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà, mélòó nínú wọn ló di ohun tí gbogbo ayé mọ̀?

Babalọlá yìí ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ojú ọ̀nà fún P.W.D., iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ kọṣẹ́, ó tún un títí, kò gbọ́. Ibẹ̀ ló ti gbóhùn tó pè é, nítòsí Ìkéjì-Arákejì. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, iṣẹ́ táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń wá lójú méjèèjì. Nígbà tó padà dé Odò-Ọwá, ìlú tí wọ́n ti bí i lọ́dún 1904, ó fi eérú para, ó fi màrìwò bora, wọ́n ní orí ẹ̀ ti dàrú. Ọdún 1930 ló wá dé Òkè-Ooye ní Iléṣà, ẹ lọ bi àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà bóyá wọ́n rí irú ẹ̀ rí. Agogo lọ́wọ́, Bíbélì lọ́wọ́, gbogbo ìlú tú síta. Ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ CAC lójú tèmi.

Tẹ́wọ́gbà:
Ṣùgbọ́n o ò tíì dáhùn Màmá o. Ta ló rì í bọmi? 😂

Alàgbà_Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ rọra. Ẹyọ ẹnì kan lẹ ń wá, ìtàn yìí ò sì ní ẹyọ ẹnì kan.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ìdí ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1918 tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń pa èèyàn káàkiri ayé, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà St. Saviour's, Joseph Ṣàdáre, alágbẹ̀dẹ wúrà, kó àwọn díẹ̀ jọ fún àdúrà. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye lorúkọ tí wọ́n sọ ara wọn. Wọn ò ní in lọ́kàn láti dá ìjọ kankan sílẹ̀. Ọmọ Áńgílíkà ni wọ́n, Ṣàdáre fúnra ẹ̀ ń jókòó ní sínọ́ọ̀dù, ìgbìmọ̀ ńlá ìjọ. Ẹ̀kọ́ ló fa wàhálà: wọn ò fọwọ́ sí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ mọ́, wọn ò sì lo oògùn mọ́, ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones bá wọn sọ ọ́, kò wọ̀ wọ́n létí. Nígbà tó fi máa di 1922, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ṣàdáre fi ipò ẹ̀ sílẹ̀ ní sínọ́ọ̀dù, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn mìíràn, wọ́n sì kó ọmọ wọn kúrò nílé ìwé ìjọ. Ẹ rò ó wò, láyé ìgbà yẹn, ilé ìwé mélòó ló wà tí kì í ṣe ti ìjọ? Ọjọ́ ọ̀la ọmọ wọn ni wọ́n fi lélẹ̀ yẹn.

Ẹnì kejì ni David Odùbánjọ, tó wà l'Ékòó. Òun ló ń ka ìwé ìròyìn Faith Tabernacle tí wọ́n ń tẹ̀ ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ tibẹ̀ bá ti Ìjẹ̀bú-Òde mu wẹ́kú, ni wọ́n bá di ẹ̀ka Faith Tabernacle. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: Faith Tabernacle ò rán míṣọ́nárì kankan wá síbí rárá. Lẹ́tà ni. Lẹ́tà lọ, lẹ́tà bọ̀, ìwé ìròyìn nínú àpòòwé, bẹ́ẹ̀ ni ìjọ ṣe tàn dé Ìbàdàn, Iléṣà àti òkè ọya. Nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn olórí Philadelphia, táwọn tibí sì tún rí i pé àwọn tọ̀hún ò gba fífi èdè fọ̀, okùn já ní ìparí àwọn ọdún 1920 yẹn.

Ibi tí Babalọlá ti bá wọn nìyẹn. Màmá mọ ohun tí wọ́n ń béèrè: òjíṣẹ́ Faith Tabernacle ló ri Babalọlá bọmi, nínú ọ̀sà Èkó, ní ìparí 1929. Èèyàn kì í gba ìrìbọmi nínú ìjọ tí kò tíì sí.

Ní oṣù keje 1930, àwọn olórí pé jọ sí Iléṣà láti yanjú àwọn ẹ̀kọ́ tó ń fà wọ́n ya. Wọn ò tíì bá ìjíròrò débì kan tí ìròyìn fi kàn: ìtàn ìjọ sọ pé ọmọ tó ti kú ni Babalọlá gbàdúrà fún, tó sì jí. Bí ìpàdé ṣe parí nìyẹn, tí ìsọjí Òkè-Ooye bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà tó wá jiyàn ẹ̀kọ́ wá dẹni tó ń tọ́jú èrò.

Arákejì_Tòótọ́:
Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀yin náà ti sọ ọ́ báyìí? Àwọn olórí ń jiyàn, ọkùnrin kan dé, iyàn parí.

Alàgbà_Ìbàdàn:
Iyàn ò parí, ọmọ mi. Ó sùn lọ ni.

Bísọ́lá_Ọ̀ṣun:
Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Àmọ́ ẹ̀yin ọkùnrin ti ka orúkọ ọkùnrin tán, Sophia Odùnlámì ńkọ́?

Olùkọ́ ilé ìwé ni, ọ̀dọ́bìnrin. Àìsàn 1918 yẹn dá a dùbúlẹ̀, ó ní òun gbóhùn lórí ibùsùn pé ìwòsàn ń bọ̀, pé omi òjò ni káwọn aláìsàn máa lò. Nígbà tó dìde, kò jókòó. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ń wàásù. Kí agogo Babalọlá tó dún rárá ni omi ti wà lẹ́nu obìnrin yìí. Omi ìyè Òkè-Ooye, omi tí Babalọlá gbàdúrà sí, tí gbogbo wa ń fi yangàn, ó ní ẹni tó ṣáájú ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá ń pín ipò, kí lobìnrin rí? Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere ló ń gbé ìjọ yìí dúró. Tí ẹ bá yọ owó wọn, orin wọn àti àdúrà òru wọn kúrò, ẹ ó rí ohun tó kù. Àwọn ajíhìnrere obìnrin ń kún pápá fún ìsọjí. Síbẹ̀ ìjọ kì í fi òróró yan obìnrin ní pásítọ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, mò ń sọ ọ́ kó lè wà nínú ìtàn ni.

Tẹ́wọ́gbà:
Aunty ti la ojú ọ̀rọ̀ 🙌

ỌmọCMS:
Ẹ jọ̀ọ́, Áńgílíkà lèmi o, ẹ jẹ́ n gbẹnu sọ fún bíṣọ́ọ̀bù wa díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìtàn yìí bá wáyé ni wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó kàn kórìíra àdúrà. Ọmọ ìjọ yín kan ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má lo oògùn, pé ìrìbọmi tí ẹ ṣe fọ́mọ wọn kò jẹ́ nǹkan kan, ó sì tún ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin ìjọ. Olórí wo ló máa wò ó níran? Tó bá jẹ́ inú CAC ti òní ni pásítọ̀ kan ti dìde pé òun ò gba ìwòsàn àtọ̀runwá gbọ́, ṣé ẹ máa fi í sílẹ̀ lórí pẹpẹ?

Alàgbà_Ìbàdàn:
Ìbéèrè rere nìyẹn. A ò ní fi í sílẹ̀.

Ọmọ_LAWNA:
Ẹ ti fo apá tí mò ń retí. The Apostolic Church lèmi, wọ́n bí mi sí i ni. Ẹ máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé láti Òkè-Ooye lẹ ti bọ́ sínú CAC tààrà.

Lẹ́yìn ìsọjí 1930, wàhálà ìjọba dé. Èrò tó ń wọ́ tọ wòlíì kan kiri kì í dùn mọ́ àwọn òyìnbó amúnisìn nínú, àwọn ìjọ tó ti wà nílẹ̀ náà sì ń fẹjọ́ sùn. Lọ́dún 1932, Babalọlá ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Àwọn olórí ti rí i ṣáájú pé àwọn nílò ìjọ òkèèrè tí ìjọba á bọ̀wọ̀ fún, wọ́n kọ̀wé sí The Apostolic Church nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kẹsàn-án 1931 ni àwọn mẹ́ta gúnlẹ̀ sí Èkó: D. P. Williams, àbúrò ẹ̀ W. J. Williams, àti A. Turnbull. Àwọn ni wọ́n gbọ́wọ́ lé àwọn olórí wa lórí. Ọdún kejì, George Perfect àti Idris Vaughan wá láti máa gbé níbí.

Ẹ wá wo ohun tó tú wọn ká: kíníìnì! Ibà ò mọ àlejò, àwọn míṣọ́nárì ń lo kíníìnì. Odùbánjọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ rí i, wọ́n ní kí lèyí? Àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n fi ilé ìwé ọmọ sílẹ̀ nítorí pé àwọn ò lo oògùn, òyìnbó tí wọ́n pè wá wá ń gbé oògùn mì. Àwọn míṣọ́nárì ní ìwòsàn àtọ̀runwá dára, ṣùgbọ́n kò sọ oògùn di ẹ̀ṣẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọ̀rọ̀ ta ló ni àṣẹ wà níbẹ̀: ta ló ń yan òṣìṣẹ́, orúkọ ta ni ilẹ̀ àti ilé ìjọsìn máa wà. Láàárín 1939 sí 1941, ó pín sí méjì. Àwọn bíi Pásítọ̀ S. G. Adégbóyèga dúró ti àwọn míṣọ́nárì, àwọn la wá ń pè ní LAWNA (Lagos, Western and Northern Areas) lónìí. Àwọn tó jáde ló di CAC.

Nítorí náà, tí CAC bá ní 1918 lòun bẹ̀rẹ̀, àwa náà lẹ́tọ̀ọ́ sí 1918 kan náà. Bàbá kan ló bí wa.

Délé_Onítàn:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọmọ_LAWNA. Mo ti ka ọ̀rọ̀ kíníìnì yẹn níbòmíì, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni so ó mọ́ ọ̀rọ̀ sínọ́ọ̀dù 1922 rí. Ìbéèrè mi wá yí padà díẹ̀: nígbà tí wọ́n jáde tán, ta wá ni olórí? Ṣàdáre ló bẹ̀rẹ̀, Odùbánjọ ló ń kọ̀wé, Babalọlá lèrò ń tẹ̀ lé. Báwo ni wọ́n ṣe pín in tí kò fi dìjà?

Amòfin_Kẹ́hìndé:
Ẹ jẹ́ n dá sí èyí, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mo sì gbàgbọ́ pé òun gan-an ló yẹ ká máa jiyàn lé lórí.

Oṣù karùn-ún 1943 ni wọ́n forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ìjókòó mẹ́ta ló wà lókè. Isaac Akínyẹlé ti Ìbàdàn ni Ààrẹ. Odùbánjọ ni Alábòójútó Gbogbogbò. Babalọlá ni Ajíhìnrere Gbogbogbò. Wọ́n ní ọba méjì kì í gbé ààfin kan, àwọn wọ̀nyí jẹ́ mẹ́ta.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ oníkálukú. Èrò wà lọ́wọ́ Babalọlá: ìlú tó bá wọ̀, ìjọ dìde níbẹ̀. Kálámù wà lọ́wọ́ Odùbánjọ: òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìjọba àti òyìnbó sọ̀rọ̀, òun ló mọ ohun tó wà nínú gbogbo fáìlì. Ọlá wà lọ́wọ́ Akínyẹlé: ìjòyè Ìbàdàn ni, àbúrò bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà, èèyàn tí ọlọ́pàá ò lè ṣàdédé wọlé tọ̀. Lọ́dún 1955 ó jẹ Olúbàdàn, ó sì wà ní Ààrẹ ìjọ lórí oyè. Ẹ bá mi wá ìjọ mìíràn tó ń kọ oògùn, tí ọba ìlú ti jẹ́ olórí ẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Babalọlá ò du ipò Ààrẹ. Ká ní ó fẹ́ ẹ ni, ta ni ì bá dá a dúró? Ó lè kó èrò ẹ̀ lọ, kó dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lè kó ìdá mẹ́wàá èrò tiẹ̀ jọ. Témi bá fẹ́ yìn ín, ibẹ̀ ni màá ti yìn ín kí n tó dé orí òkú tó jí.

Ìṣòro ẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ló gbé e ró, kì í ṣe ìwé. Odùbánjọ kú lọ́dún 1959. Ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ 26 oṣù keje, Babalọlá sùn ní Ẹdẹ. Akínyẹlé wàjà lọ́dún 1964. Láàárín ọdún márùn-ún, ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣófo. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn wọn jogún orúkọ ipò, wọn ò lè jogún àjọṣe. Nígbà tó wá di àwọn ọdún 1990, tí ìjà lórí òfin ìjọ àti ẹni tó láṣẹ ta lórí ta le, kóòtù ni wọ́n bára wọn.

Arákejì_Tòótọ́:
Amòfin, ẹ ti wú mi lórí níbi kíkọ̀ láti du ipò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn èyí: tó bá jẹ́ àwọn mẹ́ta ló jọ ṣe é, kí ló dé tó jẹ́ àwòrán Babalọlá nìkan la máa ń rí lórí kàlẹ́ńdà, lára ọkọ̀, lára asia ìsọjí? Yunifásítì tí ìjọ dá sílẹ̀ ní Ìkéjì-Arákejì lọ́dún 2006, orúkọ ta ni wọ́n fi sọ ọ́?

Amòfin_Kẹ́hìndé:
Torí pé èèyàn kì í lẹ àwòrán akọ̀wé mọ́ ọkọ̀ ni, arákùnrin mi. 😄

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, ẹ má bínú. Ìjókòó Ajíhìnrere yẹn lẹ́sẹ̀ tó gùn ju bí a ṣe rò lọ. Lẹ́yìn Babalọlá, àwọn wòlíì tó ní èrò tiwọn ń dìde nínú CAC, oníkálukú pẹ̀lú orí òkè tiẹ̀ àti orúkọ iṣẹ́ ìránṣẹ́ tiẹ̀. Ẹ wo Wòlíì Timothy Ọbádáre tó kú lọ́dún 2013: ojú ẹ̀ ò ríran, ṣùgbọ́n WOSEM, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ìjíhìnrere tó dá sílẹ̀, mi ìlú tìtì, CAC ló sì wà. Oríléeṣẹ́ nílò irú wọn kí ìjọ lè kún, ó sì ń bẹ̀rù irú wọn kí wọ́n má baà gba ìjọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láyé Babalọlá, ẹyọ kan ni, ó sì fẹ́ràn láti tẹrí ba. Ẹ wá fi ọ̀pọ̀ sí i, kí ẹ wo bí agbára oríléeṣẹ́ ṣe máa rí.

Ọmọ_LAWNA:
Ọ̀dọ̀ tiwa, ìwé ló pín in: àpọ́sítélì, wòlíì, ajíhìnrere, olùṣọ́-àgùntàn, olùkọ́, bó ṣe wà nínú Éfésù 4. Wòlíì ò lè dá dúró kọjá ibi tí wọ́n yàn án sí. Àwọn kan máa ń sọ pé ó ti mú wa tutù jù. Bóyá. Ṣùgbọ́n a ò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Tẹ́wọ́gbà:
Ẹ má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ "tiwa dára ju tiyín" o. Ẹ jọ̀ọ́.

Bísọ́lá_Ọ̀ṣun:
Amòfin, gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa Babalọlá, pé ó lérò ṣùgbọ́n kò du ipò, ẹ tún un kà, kí ẹ fi "àwọn obìnrin ìjọ" rọ́pò orúkọ ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òun wọ́n fún ní ìjókòó kan.

Amòfin_Kẹ́hìndé:
Màdáámù, mi ò ní èsì kankan sí ìyẹn.

Délé_Onítàn:
Alàgbà, ẹ kú ìsinmi. Ìbéèrè kan péré ló kù. Àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lọ sí Iléṣà lọ́dún 1930, tí ẹ ní iyàn wọn sùn lọ, ṣé wọ́n padà wá yanjú wọn?

Alàgbà_Ìbàdàn:
Àwọn míì yanjú. Ti èdè fífọ̀, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀ mọ́. Ìrìbọmi àgbàlagbà náà ti dúró.

Ti oògùn ni kò yanjú. Ó wà nínú ẹ̀kọ́ ìjọ títí dòní pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn láìlo oògùn, èmi náà sì ti rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ ń lọ sílé ìwòsàn, dókítà àti nọ́ọ̀sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, pásítọ̀ tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru mọ ibi tó ń tọ́jú tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ń dìde lórí pẹpẹ láti sọ pé a ti yí ẹ̀kọ́ padà, kò sì sẹ́ni tó ń lé ẹnikẹ́ni jáde nítorí ẹ̀. Perfect àti Vaughan ì bá wo ọ̀rọ̀ yìí, wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Ọmọ_LAWNA, ẹ̀yin náà ẹ sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín.

Ọmọ_LAWNA:
Bàbá, bákan náà ni. Àwa kàn ń gbé e mì ní gbangba ni.